Ọyàn Mi Ọ̀tún àti Àwọn Tó Fẹ́ Sin Ín

Igi arère tútù ní òórùn kan tí kò dára. Bí ìwọ náà bá ti gbé nítòsí ibi ìlagi rí, ọ̀rẹ́ mi, o óò mọ ohun tí mò ń wí: ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìkòkò ògì tí wọ́n ti gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ń la igi, ó ń ta pákó, ní Òjòwò níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni ibi ìlagi rẹ̀ wà, tó fi jẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni òórùn arère àti àpá àti ìrókò ti ń bá mi jí, tí wọ́n ń bá mi sùn. Ẹja yíyan ni èmi ń tà. Ìbíadé ni mo ti ń rà á, mo ń gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, nítorí náà èmi náà ní òórùn tèmi. Àwọn ọmọ wa a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí afọ́jú bá wọ ilé wa, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tí bàbá jókòó sí àti ibi tí ìyá wà. Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi òórùn ni pé láàárín lẹ́búlẹ́bú igi ẹ̀yìn ilé yẹn ni mo ti rí ohun kan ní ọdún tí mò ń sọ yìí, tó jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n ti ń sin mí díẹ̀díẹ̀, èmi kò sì tíì kú.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo wẹ̀ tán láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fi òrí para, ni ọwọ́ mi bá kan kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọyàn mi ọ̀tún, ní ìhà abíyá. Kò dùn mí. Ó le bí awùsá tí wọn kò tíì pa. Ká ní ó dùn mí ni, ǹ bá ti pariwo. Ohun tí kò bá dunni ni a máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Mo fi í han Kẹ́hìndé, ọmọ mi obìnrin. Kẹ́hìndé kò pariwo. Ó kàn ní kí n lọ wọ aṣọ, a ń lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ bù nínú kókó náà, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò. Wọ́n ya àwòrán àyà mi àti ẹ̀dọ̀ mi. Nígbà tí èsì dé, èmi àti ọkọ mi la jọ lọ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, obìnrin kan tí mo lè bí, tí ohùn rẹ̀ balẹ̀ dáadáa.

Ó ní, “Màmá, jẹjẹrẹ ọyàn ni. Kò tíì rìn jìnnà. A óò gé ọyàn náà kúrò, a óò sì fi oògùn tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́.”

Mo bi í bóyá kò ní ṣe é ṣe kí wọ́n yọ kókó yẹn nìkan, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún mi. Ó ní kókó náà ti tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí a bá fi sílẹ̀ lè tún mú òmíràn hù. Ó sọ bí màá ṣe múra fún mi. Kí n má ṣe mu àgbo kankan mọ́. Kí n rán bùbá tó ń ṣí níwájú, tó ní bọ́tìnnì, nítorí apá ọ̀tún mi kò ní lè gòkè bọ́ sínú aṣọ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n óò fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ojú ọgbẹ́, omi ara yóò máa gba inú rẹ̀ bọ́ sínú ìgò, kí n má bẹ̀rù rẹ̀. Kí n ha làálì kúrò léèékánná, nítorí wọ́n máa ń wo àwọ̀ èékánná ẹni tó bá ń sùn lórí tábìlì láti mọ̀ bóyá ó ń mí dáadáa. Kí n wá ẹni tí yóò máa gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja fún mi. Bó ṣe ń ka nǹkan wọ̀nyí ni àyà mi ń rọ̀. Bóyá nítorí oníṣòwò ni mí ni, mi ò mọ̀. Ohun tí wọ́n bá ti ka ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ fún mi, iṣẹ́ ló máa ń dà lójú mi. Mo ní kí wọ́n gé e. Ọkọ mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

À ń padà sílé, Àgọ́-Ìwòyè la dé tí ọkọ mi fi ya mọ́tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Mo rò pé ó fẹ́ ra nǹkan ni. Ó di ọwọ́ mú sítíárìn mọ́tò, ó ń wo iwájú.

“Ìyá Ìbejì, bí wọ́n bá gé e tán, ibo ni wọ́n ń gbé e sí?”

Mi ò tíì ronú kan ibẹ̀. Ìwọ náà ìbá ronú kàn án bí? Ó ní ohun tó ti fún ọmọ lọ́mú, ohun tí Ọlọ́run dá, kò gbọdọ̀ bọ́ sí ààtàn, kí ajá máa fà á kiri. Mo rí i pé òótọ́ ló sọ. A dé Òjòwò, ó gba ọ̀dọ̀ alùfáà wa lọ tààrà. Alùfáà kò fa ọ̀rọ̀ náà gùn rárá. Ó ní, “Ohun tí a bá gé lára alààyè, a kì í wẹ̀ ẹ́, a kì í kírun sí i lára. Ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, kí ẹ sin ín síbi tó mọ́. Ó parí.” Òun ló rò pé ó parí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Màkún-Omi ti gbọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kó lè yé ọ. Nílé tiwa ní Màkún-Omi, ọmọbìnrin kì í sùn sílé ọkọ bó bá kú. Wọn a gbé e wá sílé, wọn a sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Ọkọ mi ti mọ èyí láti ọjọ́ tó ti wá tọrọ mi, kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ó kàn ń fi ojú fo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń fo kòtò ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, apẹja ni, aláṣọ funfun ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní àgbà ìjọ. Bó ṣe gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sin ọyàn mi sí Òjòwò, ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ibi tí ọyàn bá sùn sí, ìyókù ara yóò fẹ́ lọ bá a níbẹ̀. Ó wọ mọ́tò, ó sì dé sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ẹja tútù nínú ọ̀rá.

Ó jókòó, ó mu omi. Ó ní, “Àlájì, ẹ kú ilé o. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ sin ọmọ wa sí Òjòwò.”

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló kú? Ọyàn ni.”

“Ọyàn náà ni mò ń wí. Ọyàn ló máa ṣíwájú lọ.”

Ọkọ mi ní, “Ilé mi ló ti ṣiṣẹ́. Ọmọ mélòó ló mu ún ní Màkún-Omi?”

“Ilé wa ló ti hù! Nígbà tó ń hù, Àlájì, ẹ mọ̀ ọ́n bí?”

Kẹ́hìndé tó ń gbé ẹja náà lọ sí ìdáná dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ̀yin bàbá, àwa tá a mu ún ńkọ́? Ṣé kò sí ìpín tiwa níbẹ̀ ni?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, èmi gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ dára nínú ilé tí àìsàn bá wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, kò sí ẹni tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ní fi ọwọ́ sí i kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn mí láìjẹ́ pé ó dá òun lójú pé ilé ni ọyàn ń bọ̀. Ọkọ mi ní òun kò ní gbé ìyàwó òun lọ sí ibi tí òun yóò ti di àlejò lórí ara rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹja náà pọ̀ o. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń bu ọbẹ̀ fún ara wọn, wọn ò sì fohùn ṣọ̀kan.

Ọjọ́ tí dókítà dá fún wa dé, ó kọjá. Ilé ìwòsàn pe Kẹ́hìndé lórí fóònù. Ọkọ mi gba fóònù náà, ó ní kí wọ́n má bínú, ọ̀rọ̀ ẹbí la ń yanjú, a ń bọ̀. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn, òun náà kọjá. O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò dìde kí n máa lọ. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Obìnrin ìran tiwa kì í lọ tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọ̀bẹ nígbà tí ọkọ àti ẹbí kò tíì sọ pé kó lọ. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Mo ń lọ sí Ìbíadé, mo ń bọ̀, mo ń ta ọjà mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wẹ̀ tán tí mo wo ara mi nínú dígí, mo ń rí i pé awọ ibi kókó yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú, bí ìdí ọsàn. Dókítà ti sọ fún mi pé bí mo bá rí irú ìyẹn, àrùn náà ń rìn ni. Àwọn ọkùnrin méjì ń fa ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ohun tó wà lára mi kò dúró dè wọ́n.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹja mi kan ti rọ̀ díẹ̀ lọ́nà, mo fẹ́ fi èéfín tún un gbẹ, mo sì lọ bu lẹ́búlẹ́bú igi ní ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀rọ ìlagi dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ jẹun. Mo rí àpò ìdọ̀họ kan tó bo nǹkan mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pákó. Mo ṣí i. Àpótí kékeré kan ni, pákó àpá ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ti fi ìwé ìhagi ha á títí ó fi ń dán bí awọ ọmọ tuntun. Ó ní ìdérí. Lákọ̀ọ́kọ́ inú mi dùn, mo rò pé ọkọ mi ní kí káfíńtà ṣe àpótí ìkó-wúrà fún mi láti fi ṣìpẹ̀. Mo ṣí ìdérí. Aṣọ àlà funfun ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀.

Mo jókòó sórí gẹdú kan. Ibẹ̀ ni mo wà tí Kẹ́hìndé fi jáde wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ní bàbá Màkún-Omi ní kí òun sọ fún mi pé wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi o, pé kí a ṣe kíá, nítorí omi ti ń sun jáde nínú rẹ̀. O mọ ilẹ̀ etí omi. Kò gba ihò láyè láti ṣí fún pípẹ́.

Ọkọ mi ti ibi oúnjẹ dé, ó bá mi lórí gẹdú, àpótí wà lórí itan mi.

“Àlájì, kí lèyí?”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. “Àpótí ni.”

“Ti kí ni?”

Ó jókòó tì mí. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọrùn rẹ̀, mo rí i bí egungun ṣe yọ níbẹ̀. Ó ti rù, èmi tí mò ń wo dígí lójoojúmọ́ kò rí i. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, mi ò mọ̀ nípa oògùn. Mi ò mọ̀ nípa ọ̀bẹ dókítà. Pákó ni mo mọ̀. Ọwọ́ mi kò lè dúró lásán.”

Mo ní, “Mo gbọ́. Àpótí ti wà. Ní Màkún-Omi, ihò ti wà. Ọ̀bẹ nìkan ló kù tí ẹ̀yin méjèèjì kò jẹ́ kó wà. Bí ẹ bá sì fi nǹkan yìí sílẹ̀ lára mi, àpótí tí ẹ óò tún kàn yóò tóbi ju èyí lọ.”

Mo dìde, mo gbé àpótí náà wọlé, mo yọ aṣọ inú rẹ̀, mo sì da ẹ̀wà sí i. Lẹ́yìn náà ni mo fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n mi fúnra mi. Mo ní kó wá, ilé ìwòsàn la ń lọ, gbogbo wa.

Dókítà ọmọbìnrin yẹn wò wá bí a ṣe wọlé tò: èmi láàárín, ọkọ mi lọ́tùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi lósì pẹ̀lú ìwé mímọ́ rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Ó bi mí pé kí ló dé tí a fi pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá wa àgbà, ó rìn gba orí àwọn ọmọbìnrin ilé wa kọjá, ó dé orí ihò tó ti gbẹ́. Dókítà gbọ́ ọ tán, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ló kọ́kọ́ ń bọ̀. Láàbù ló ń lọ. Wọ́n óò là á wẹ́wẹ́, wọ́n óò wò ó bóyá a gé e dé ibi tó mọ́, wọ́n óò sì wo irú oògùn tó máa bá Màmá mu. Bí ẹ bá gbé e lọ sin, kí ni wọ́n óò wò? Ohun tó bá ṣẹ́ kù la lè kó fún yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí ẹ bá béèrè.”

Mo rò pé ìjà ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

“Èyí tó bá ṣẹ́ kù yẹn, ta ni ẹ óò kó o fún?”

Ọkọ mi ní, “Ọkọ rẹ̀ ni.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹbí ńkọ́?”

“Èmi ni,” mo sọ. Ohùn mi ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. “Èmi ni kí wọ́n kó o fún. Èmi ni mo ni ín.”

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. “Àbúrò...”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣì ń mí. Ẹ ò lè máa pín mi lójú mi.”

Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbà rí láyé mi. Mo retí kó bínú dìde. Dípò bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ tẹ̀, ó ní ní ohùn kékeré pé, “Bí a ṣe sin ìyá wa náà ni mò ń rí.” Ọkọ mi ló fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Dókítà wo èmi nìkan, ó bi mí pé ọjọ́ wo la óò gé e, mo sì dá ọjọ́ náà.

Ìyókù kò ní ariwo nínú. Mo ha làálì títí èékánná mi fi funfun. Aránṣọ rán bùbá méjì alábọ́tìnnì fún mi, ó ní irú èyí ti ń di àrà, mo ní kó má ṣe yọ̀ jù. Aládùúgbò mi kan gba apẹ̀rẹ̀ ẹja mi, ó ń bá mi tà á ní ìsọ̀ mi títí màá fi gbádùn. Wọ́n ní láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí n má jẹ, kí n má mu, títí wọ́n óò fi gé e tán. Mo kírun, mo bọ́ yẹtí mi fún Kẹ́hìndé, wọ́n sì tì mí lọ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Bí mo ṣe ń lọ, mo rí àwọn ọkùnrin méjì yẹn lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọ̀kan ń fa tẹ̀súbáà, èkejì ń ka Sáàmù sínú, ìgúnpá wọn kan ara wọn. Nígbà tí mo jí, òùngbẹ ń gbẹ mí, àyà mi ọ̀tún wúwo bí ẹni pé wọ́n gbé òkúta lé e, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì wà níbi tí dókítà ní yóò wà. Èsì láàbù dára: wọ́n gé e dé ibi tó mọ́. Mo gba oògùn tó tẹ̀ lé e, irun mi lọ, irun mi padà wá, funfun.

Wọ́n kó èyí tó ṣẹ́ kù fún mi bí mo ṣe béèrè. Ó kéré. Ọ̀rẹ́ mi, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wo nọ́ọ̀sì lójú láti mọ̀ bóyá òun nìyẹn. Ohun tí àgbà méjì jà lé lórí títí ikú fi fẹ́ gba iwájú wọn wọlé, ó wọ àtẹ́lẹwọ́ mi.

Mo ní ilẹ̀ kan ní Àgọ́-Ìwòyè tí mo fi èrè ẹja rà, mo kọ́ yàrá díẹ̀ sí i, àwọn ọmọ yunifásítì ló ń gbé níbẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ bàbá mi, kì í ṣe ilẹ̀ ọkọ mi. Ibẹ̀ ni mo ní kí a pàdé. Alùfáà fi aṣọ mímọ́ wé e, kò kírun. Mo fi ọwọ́ òsì di ọkọ́ mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Orin kan ń dún nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan, kò mọ ohun tí à ń ṣe níta. Kò pẹ́ tó fi rẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n mi gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, ọkọ mi ló sì bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé irú àmì wo ni a óò fi síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n má fi àmì kankan síbẹ̀, ẹni tó ni ín mọ ibẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ kò pọ̀. Bí wọ́n bá ń jà lé ọ lórí, ó lè jẹ́ ìfẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ti tèmi, méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ wọn kò mọ bí a ṣe ń dá ọjọ́ ìwòsàn. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ dá a. Ibi tí wọ́n óò sin ìyókù mi sí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, wọn ò sì béèrè mọ́. Ọjọ́ tí a sin ọyàn yẹn, ọjọ́ ọjà ni. Mo gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́, mo sì lọ bá aládùúgbò mi níbi ìsọ̀, mo ní kó sún, kí n jókòó.